Ààwẹ̀ Tí Mo Gbà Pé

Ọjọ́ kejì tí mo dé Ẹ̀pẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé Àgànyìn ni mí. Èmi, ọmọ Kétu! Mo kí obìnrin kan tó ń ta igi ìdáná lẹ́bàá ọjà ẹja, mo kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì dá mi lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mi ò tíì yí ẹ̀yìn tán tó fi sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Àgànyìn tí Àlájà gbà síṣẹ́ nìyẹn. Ó mà gbọ́ Yorùbá o!" Mo gbọ́ Yorùbá kẹ̀? Kí ni wọ́n rò pé ìyá mi fi ń pè mí wá jẹun, Faransé? Inú bí mi débi pé mo fẹ́ padà lọ bá a, ṣùgbọ́n mo rántí pé mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè sùn sí tí wọ́n bá lé mi níbẹ̀.

Ní Kútọnu, Nàgó ni wọ́n ń pè wá, bí ẹni pé ká máa lọ sí Nàìjíríà. A dé Nàìjíríà, wọ́n ní Àgànyìn. Àbúlé wa nìkan ni mo ti ń jẹ́ orúkọ mi. Àwọn òyìnbó kan jókòó níbì kan láyé àtijọ́, wọ́n fa ìlà, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ sí apá kan, tiwa bọ́ sí apá kejì. Àwọn ọmọ tiwọn ń kọ́ gúdù mọ́níìnì níléèwé, àwa ń kọ́ bọ́ńjúù. Kí n tó kúrò nílé, mo rò pé ìlà yẹn kò ju ibi tí àwọn aṣọ́bodè ń dúró sí lọ. Ìgbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́ ni mo rí i pé ó ń tẹ̀lé èèyàn dé ìdí ààrò.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá. Iyanrìn ló ń wà ní Èbúté Ìkòròdú. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé ọkọ̀ lọ sáàárín ọ̀sà, wọ́n á mú garawa rì wọnú omi, wọ́n á wa iyanrìn nísàlẹ̀, wọ́n á máa dà á sínú ọkọ̀ títí yóò fi kún. Bàbá Káfáyá ni mò ń pè é, nítorí Káfáyátù ọmọ wa, tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi lábúlé. Èmi ń yan ẹja fún Àlájà ní Ẹ̀pẹ́, ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, mo ń wọ mọ́tò lọ bá ọkọ mi ní Ìkòròdú, mo ń padà ní Sọ́ńdè. Ìgbéyàwó ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ là ń ṣe.

Ẹja yíyan kì í ṣe eré. Èéfín á gba ojú, á gba imú, á wọ inú irun. Bí mo bá wẹ̀ tí mo tún wẹ̀, aṣọ ìbora mi ṣì ń run ẹja àrọ̀. Àlájà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó máa ń gbé ẹja sókè lórí wáyà, á tẹ̀ ẹ́ nídìí ìrù, bó bá rọ̀, á dá a padà sórí iná, á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí oníbàárà wá fi bà mí lórúkọ jẹ́ ni?" Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn tí mo dé, oníbàárà rẹ̀ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ṣa ẹja títí, kò rí èyí tó fẹ́. Ó ní, "Àlájà, ti Àgànyìn yẹn ni kí ẹ fún mi, èyí tí kì í fọ́." Àlájà wò mí, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, ó ti di ọ̀gá mọ́ wa lọ́wọ́." Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ Àgànyìn ò bí mi nínú rárá. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín délé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbé wá láti ilé tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ kejì tí mo bí kò sunkún. Wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì dúró. Ohun tí mo rántí kò pọ̀: páànù òrùlé ilé ìyá ọkọ mi, ariwo àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, àti òtútù tó ń mú mi bí ẹni pé wọ́n bọ́ mi sílẹ̀ sínú ọyẹ́. Nígbà tí mo lè jókòó, dókítà pe èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ jọ. Ó ní kí ara mi sinmi fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ó ní, "Bí oyún bá tún dé kíákíá, tí ẹ̀jẹ̀ tún dà báyìí, mi ò rò pé a máa lè gba ẹ̀mí ìyàwó yín là." Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n tún ìró wọn ró. Wọ́n ní, "Dókítà ni, kì í ṣe Ọlọ́run." Mo wo ọkọ mi. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbà pé ti ìyá rẹ̀ ló ń ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi í léèrè kí n tó lọ gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, èyí tí àwọn obìnrin fi ń fètò sọ́mọ bíbí. Sìkírá, tí a jọ ń yan ẹja, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gan-an, ló júwe ilé ìwòsàn kékeré kan fún mi, òun nìkan ló sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gún mi. Ó ní nǹkan oṣù mi lè máa ṣe ségesège, ó sì lè dá pátápátá, kí n má fòyà. Ó dá lóòótọ́. Inú mi dùn gan-an, torí ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lọ́jọ́ ìbímọ yẹn ti tó mi láyé.

Abẹ́rẹ́ kejì wá bọ́ sí àárín oṣù ààwẹ̀. Gbogbo ilé Àlájà ló ń gbààwẹ̀. Mo bi Sìkírá pé ṣé abẹ́rẹ́ ń ba ààwẹ̀ jẹ́.

Sìkírá ní, "Ohun tó bá ti wọnú ara, ó ti wọnú ara nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí ebi pa ẹ́ lásán ni?"

Mo ní kí n kúkú sún un di ẹ̀yìn ọdún. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kí ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ máa ṣe? Bẹ́ẹ̀, mò ń lọ sí Ìkòròdú ní Sátidé, ọkọ mi sì ń retí mi lẹ́yìn ìṣínu. Ààwẹ̀ kò ní kí tọkọtaya má sùn pọ̀ lóru.

Àwọn obìnrin ilé ń já ààwẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí nǹkan oṣù bá ti dé. Sìkírá á lọ sẹ́yìn àká igi, á máa fi gààrí mímu dá ara rẹ̀ lára yá, á ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ rí òun. Àlájà á máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Èmi ò já ọ̀kan. Sààrì kan ò kọjá mi, mo dúró lórí ìrun àṣàmù lálaalẹ́ títí oṣù fi lé. Kí n má purọ́, mo ń fi ṣe fáàrí. Ọmọ Àgànyìn ló gba ọgbọ̀n pé, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló ń mu gààrí lẹ́yìn àká.

Lọ́jọ́ ọdún ìtunu ààwẹ̀, mo lọ pe ilé lọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì. Télọ̀ tó wà ní iwájú ilé ìyá ọkọ mi ló ní fóònù ládùúgbò wọn, òun ló máa ń sáré lọ pè wọ́n. Mo gbọ́ ìró bàtà ìyá ọkọ mi kí n tó gbọ́ ohùn wọn.

"Ìyàwó mi! Ẹ kú ọdún o. Ṣé ẹ gbààwẹ̀ dáadáa níbẹ̀?"

"A gbà á dáadáa, Ìyá. Èmi gbà á pé. Mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀."

Mo rò pé fóònù ti já.

"O ní kí lo wí? Gbogbo ọgbọ̀n?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá, Ìyá."

"Alihamudulilahi! Alihamudulilahi! Ráfátù, wá gbọ́ o! Ẹ wá bá mi gbọ́ ohun tí ìyàwó mi wí o!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ráfátù àbúrò ọkọ mi àti àwọn èèyàn ń dá sí i lẹ́yìn wọn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mò ń ṣe àmín. Mo rò pé ẹ̀sìn mi ni wọ́n ń yìn! Mo fún obìnrin fóònù lówó ẹ̀, mo ń lọ, ara mi yá gágá. Àfi bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń din àkàrà, tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo dúró lójijì débi tí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi kọlù mí.

Obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí mi, tí kò fọ́mọ lọ́yàn, tó gbààwẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ ìkẹyìn láìfi ọ̀kan sílẹ̀! Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ìyá ọkọ mọ̀ tó ń fa ìyẹn. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé mo lóyún.

Yéè! Báwo ni mo ṣe fẹ́ yí i padà? Kí n tún pè wọ́n, kí n ní, Ìyá, kò sí oyún, abẹ́rẹ́ ló dá nǹkan oṣù mi dúró? Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ wo? Ta ló ní kí n gbà á? Mo wá ní kí n fi sílẹ̀ ná, bó bá yá, á parẹ́ fúnra ẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni tó fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ẹja tó ní òun á padà wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi.

Òórùn ẹja tí mo ti ń gbọ́ tipẹ́, tí mi ò tilẹ̀ gbọ́ mọ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Bí wọ́n bá ṣí agbọ̀n èpìyà tútù, màá sáré jáde. Ọyàn mi ń dùn mí, mi ò lè dojú bolẹ̀ sùn. Orí ń fọ́ mi, oorun ń kùn mí lọ́sàn-án. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò nínú ọkàn mi. Ọyàn mi ti dùn mí díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, àbí kò dùn mí? Orí ti fọ́ mi nígbà yẹn, mo rántí. Èébì ńkọ́? Mi ò rántí èébì. Nígbà tí mo lóyún Káfáyá, ọsàn ló ń wù mí jẹ. Ní báyìí, kò sí ohun tó wù mí. Ṣé ìyẹn dáa àbí kò dáa? Èmi nìkan ń bi ara mi, èmi nìkan ń dáhùn, ìdáhùn òwúrọ̀ kì í sì jọ ti ìrọ̀lẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ bá ń ṣe èèyàn báyìí, oyún náà ń ṣe èèyàn báyìí. Nǹkan oṣù tí ì bá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi ti dá láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì níbi tí mo lè wò.

Mo fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ tí mo sún síwájú, ẹ̀rù bà mí. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ti wà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n gún un mọ́ ọn lórí ni? Bí mi ò bá gbà á, tí kò sì tíì sí ọmọ, ṣé kí n jókòó máa dúró dè é kó dé? Nítorí náà mi ò lọ. Mi ò lọ sí Ìkòròdú náà mọ́. Ní Sátidé kan mo ní ẹja pọ̀, ní òmíràn mo ní ibà ń ṣe mí, ní òmíràn mo ní Àlájà ń lọ òde. Oṣù kan kọjá, ó lé díẹ̀, mi ò fojú kan ọkọ mi.

Ó pè mí lórí fóònù Àlájà. Ó ní, "Ìyá pè mí."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó ní, "Ṣé ara ẹ le?"

"Ara mi le."

"Ó dáa." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò ní òun yọ̀, kò ní òun bínú. Mo ní ẹ rí i, ó ń bínú pé ẹnu ìyá òun ni òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé òun.

Kí n sọ òótọ́, ikú ni mò ń rò. Lábúlé wa, ìyá tó gbẹ̀bí mi mọ̀ mí, obìnrin tó gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ sáré lọ sí ilé ìwòsàn mọ̀ mí, dókítà yẹn rí ẹ̀jẹ̀ mi. Ní Ẹ̀pẹ́, ta ló mọ̀? Bí mo bá ṣubú lẹ́bàá ààrò, wọ́n á ní Àgànyìn Àlájà ṣubú. Wọ́n á bu omi sí mi lórí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kí wọ́n sáré. Ohun tó ń jẹ́ àjèjì gan-an nìyẹn lójú tèmi: kí o wà láàárín èèyàn púpọ̀ tí ń kí ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó fẹ́ pa ẹ́ rí.

Mo tún pe ilé lọ́jọ́ kan, torí Káfáyá ń ṣàárò mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ó ní, "Màmá, Ìyá ní ẹ fẹ́ gbé àbúrò mi wá. Ṣé ẹ máa gbé èyí tó ń sunkún?" Mo ní kó máa gbọ́ràn sí Ìyá lẹ́nu. Mo rìn padà sílé láìmọ ẹni tó kí mi lọ́nà.

Àlájà ti ń wò mí. Wíwò rẹ̀ kì í ṣe ojú, ọrùn ni. Àwọn àgbà obìnrin gbà pé bí obìnrin bá lóyún, kòtò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ á máa mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Mo rí i pé Àlájà ń wo kòtò yẹn bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìborùn mọ́ ọrùn nínú ooru ààrò. Sìkírá náà ń wò mí tutọ́. Ó ní, "O tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yìí. Oyún ni, jàre." Mo ní èéfín ni. Ó ní, "Èéfín tó máa jẹ́ orúkọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n da agbọ̀n ọ̀bọ̀kún sílẹ̀ níwájú mi, mo sì bì sórí ẹsẹ̀ ara mi. Mo bú sẹ́kún. Àlájà lé Sìkírá jáde, ó jókòó tì mí lórí igi ìdáná.

"Ta ló ni ín?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. "Mo ti rí i pé o kì í lọ sọ́dọ̀ ọkọ ẹ mọ́. Sọ fún mi, mi ò ní pariwo."

Àṣé ohun tó ń rò nìyẹn! Ẹ̀rù bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni mo bá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ọmọ tí kò sunkún, ẹ̀jẹ̀, ohun tí dókítà wí, abẹ́rẹ́, ààwẹ̀, fóònù ọjọ́ ọdún. Àlájà ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "o ti ń fi èrò pa ara ẹ látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ò jìnnà tó ibi tí o ti ń lọ ra iyọ̀! Èmi náà ń wo ọrùn, mò ń wo ọrùn. Ta ni ọrùn ń sọ òótọ́ fún? Ta ló tiẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ń ba ààwẹ̀ jẹ́?"

"Sìkírá ni."

"Sìkírá di ààfáà nígbà wo? Sìkírá tí kì í lè parí ààwẹ̀ fúnra ẹ̀! Dìde. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, má tọ̀ dànù. Gbé ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì àgbà náà rántí mi. Kò bú mi. Ó béèrè gbogbo ohun tó ń ṣe mí, mo kà wọ́n fún un, ó ń mi orí. Ó ní, "Gbogbo èyí tí o kà yìí, abẹ́rẹ́ lè fà á. Oyún náà lè fà á. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látọjọ́ tó ti pẹ́, bí mo bá wò ọ́ lójú láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò lè yà wọ́n. Ìbẹ̀rù náà ń gbé èébì síni láyà, má gbàgbé." Ó béèrè ìgbà tí èmi àti ọkọ mi sùn pọ̀ kẹ́yìn. Mo sọ fún un pé ó ti lé lóṣù kan. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá wà, ìtọ̀ ò ní fi pa mọ́ mọ́."

Ó ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọnú ìtọ̀ náà, ó gbé e lélẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní ìlà kan, kò sí oyún. Ìlà méjì, oyún wà. Ìlà kan yọ kíákíá. Mo ń wo ibi tí ìkejì yóò ti yọ. Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ń rí ìlà, mi ò rí ìlà. Obìnrin kan ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ níta, mo fẹ́ ní kó dákẹ́. Mo ní, Ọlọ́run, mo ṣì fẹ́ rí Káfáyá.

Nọ́ọ̀sì gbé bébà náà sókè sí ojú fèrèsé. "Ìlà kan ni. Kò sí oyún nínú ẹ, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ ló ń bá ẹ ṣeré. Bí o tilẹ̀ sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, agbára rẹ̀ kì í tán nínú ara lọ́jọ́ kan. Orí ló yọ ẹ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo sunkún débi pé ó fún mi ní òwú láti fi nu imú. Ó ní ṣé kí òun gún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo na apá, mo tún fà á sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi." Mi ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Mo ṣáà mọ̀ pé mi ò ní lè tún ṣe irú oṣù yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ, kí n má pẹ́, kí n sì padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní bí a bá máa sùn pọ̀ kó tó di ìgbà yẹn, ká lo rọ́bà, ó sì ki díẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ mọ́tò Ìkòròdú. Mo ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó ń tú. Bó bá ní kí n padà sílé ńkọ́? Bó bá ní òun kò fẹ́ obìnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn òun ńkọ́? Mo dé Èbúté, wọ́n ń já iyanrìn. Ọkọ mi wà lórí pákó, agbọ̀n iyanrìn lórí rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó rí mi, ó da iyanrìn náà sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kó dà á sí, ó ń sáré bọ̀.

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bàbá Káfáyá, kò sí oyún. Kò sí rárá. Abẹ́rẹ́ ni mo lọ gbà láìsọ fún yín, kí n má baà lóyún. Òun ló dá nǹkan oṣù mi dúró. Ìyá ló ṣì mí gbọ́, èmi ni mi ò sì lè tún un sọ. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ sínú iyanrìn tútù níwájú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Alihamudulilahi," ló wí.

Mo rò pé etí mi ni. Mo ní, "Ẹ ní kí lẹ wí?"

"Mi ò tíì rí oorun sùn látọjọ́ tí Ìyá ti pè mí. Ẹní tí o dùbúlẹ̀ lé lórí lọ́jọ́ tí o bímọ yẹn, ta lo rò pé ó fọ̀ ọ́?"

"Mo rò pé Ìyá ni."

"Èmi ni. Mo gbé e lọ sódò, mo fọ̀ ọ́ títí, ẹ̀jẹ̀ ò tán lára ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀." Ó bu iyanrìn, ó tún dà á nù. "Ìyá pè mí, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ní kí n máa yọ̀. Mo ní mo ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí o ò wá, mo ní ó ti ṣubú níbẹ̀ nìyẹn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa rí mi."

Inú bí mi lójijì. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò wí nǹkan kan lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀? Ẹsẹ̀ yín lẹ ń wò!"

"Níwájú Ìyá? Kí ni mo fẹ́ wí?" Ó gbé ojú sókè sí mi. "Ó yẹ kí n wí nǹkan."

Èmi náà jókòó. Mo ní, "Ìyá ńkọ́? Èmi ni mo máa sọ fún wọn, èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò. A lọ bá ìyá kan tó ń fi fóònù ṣòwò lẹ́bàá èbúté. Ọkọ mi ló gba fóònù. Mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi ketekete láti ibi tí mo dúró sí, torí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n máa ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò.

"Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó wà níbí, Ìyá. Kò sí oyún."

"O ní kí ni? Ó bọ́ ni?"

"Kò bọ́. Kò sí níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí ló dá nǹkan oṣù ẹ̀ dúró."

"Abẹ́rẹ́? Ta ló fún un ní abẹ́rẹ́? Ta ló rán an?"

Mo na ọwọ́ sí fóònù. Ó yí èjìká sí mi.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ní kó gbà á. Èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀."

Ariwo tó jáde látinú fóònù yẹn pọ̀ débi pé obìnrin tó ni ín yí ojú sí ojú omi, ó ń ṣe bí ẹni ń wo ọkọ̀. Ìyá ní òun kò bí ọkùnrin, òun kò tọ́ ọkùnrin, kí Ráfátù wá gbọ́ ohun tí ọmọ òun wí. Ọkọ mi ń gbọ́ ọ. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sà ló ń wò.

"Ẹ máa bínú sí mi, Ìyá. Ẹ má bínú sí i. Títí ara ẹ̀ á fi le ni. Ọmọ tí mo bí ti wà lọ́dọ̀ yín, ìyá ẹ̀ ni mò ń wá."

Ìyá gé fóònù. Ọkọ mi dá a padà fún ẹni tó ni ín, ó ń wá owó nínú àpò tó ti tutù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o padà wá?" ló bi mí.

"Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ẹ ní iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, mo lè dá lọ."

"Mo ti sọ fún Ìyá pé èmi ni mo mú ẹ lọ," ló wí. "Ní Mọ́ńdè, èmi ni màá mú ẹ lọ."